Mo lọ ya fótò ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kan

Wákàtí mẹ́rin ni mo lò lójú ọ̀nà, ìdajì ẹ̀ sì jẹ́ ọ̀nà eléruku tí mọ́tò kàn ń rọra yọ́ lọ níbẹ̀, mo di báàgì kámẹ́rà mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, torí tí nǹkan kan bá fọ́ níbẹ̀ ibo ni mo ti fẹ́ rí òmíràn? Sátidé ni ìgbéyàwó ṣùgbọ́n Fúráìdé ni mo ti débẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yàwòrán ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ò wọ̀ rí, tó wá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó dé, tẹ́tẹ́ ló ń fi ọjọ́ ọlọ́jọ́ ta yẹn o.

Aago mọ́kànlá géérégé ni mo wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì náà ní Fúráìdé yẹn, torí aago mọ́kànlá ni ìsìn máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo fẹ́ mọ ibi tí oòrùn máa wà nígbà yẹn. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, ògiri ẹ̀ nípọn, inú ẹ̀ tutù ó sì ṣókùnkùn, gílóòbù mẹ́rin péré ló wà lókè tí iná wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Fèrèsé ibẹ̀ kéékèèké ni gbogbo wọn, àfi ẹyọ kan lápá òsì pẹpẹ tó ga, ìmọ́lẹ̀ funfun ń gba ibẹ̀ dà wọlé bí omi. Mo na ọwọ́ mi síbẹ̀, mo ń yí i síwá sẹ́yìn, mo ń wo bí òjìji ṣe rọra ń dé sára ìka. Inú mi dùn gan-an.

Ibẹ̀ ni pásítọ̀ ti bá mi, bàbá àgbàlagbà kan tí ohùn wọn tutù. Mo kí wọn, mo bi wọ́n léèrè ohun tí mi ò gbọdọ̀ ṣe. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, má tan fláàṣì nígbà tí wọ́n bá ń jẹ́ ẹ̀jẹ́, má sì gun orí pẹpẹ." Mo ní mo gbọ́, bàbá. Mo wá bẹ̀ wọ́n pé kí tọkọtaya sún ìṣísẹ̀ méjì sí apá fèrèsé yẹn, kí wọ́n sì bá wa pa gílóòbù méjì tó wà lókè pẹpẹ, torí iná gílóòbù bẹ́ẹ̀ kì í ju nǹkan bí 3000 Kelvin lọ (ìwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ nìyẹn, tó bá kéré ló máa ń pọ́n), tọ̀sán gangan sì tó 5500, tí méjèèjì bá jọ bọ́ sójú èèyàn, apá kan á pọ́n, apá kejì á dà bí aró, kò sì sí bí o ṣe fẹ́ tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà tó máa wò dáadáa. Wọ́n gbà.

Lọ́jọ́ kejì ìyàwó wọlé pẹ̀lú bàbá ẹ̀. Aṣọ funfun máa ń tan kámẹ́rà jẹ, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á wá sọ aṣọ náà di eérú, nítorí náà mo ti yí kámẹ́rà sí +1, kó lè gba ìmọ́lẹ̀ ju bó ṣe rò lọ, kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ọwọ́ bàbá yẹn ń gbọ̀n, mi ò kúrò lára ọwọ́ yẹn títí wọ́n fi dé iwájú.

Gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa títí di ìgbà òrùka. Afúúfù dé lójijì, òjò tẹ̀ lé e, bàbá arúgbó kan dìde níwájú wọ́n lọ ń ti fèrèsé, fèrèsé mi yẹn gan-an! Ojú ọ̀run ti ṣú tẹ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó kù wá ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fà á, ọkọ ìyàwó sì ti mú òrùka dání. Fláàṣì wà lápò mi. Mo ti ṣèlérí, mi ò fọwọ́ kàn án. Lẹ́ǹsì ti ṣí dé f/1.8, ibi tó fẹ̀ jù, mi ò lè sọ ìyára kámẹ́rà kalẹ̀ ju ìdá kan nínú 125 ìṣẹ́jú-àáyá (1/125) lọ torí ọwọ́ àwọn méjèèjì ò dúró, ISO nìkan ló kù, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń mọ ìmọ́lẹ̀ lára tó, tó bá ga jù fótò á rí wínníwínní, mo gbé e láti 1600 lọ sí 6400 mo sì ń tẹ̀ ẹ́ láìdúró, kámẹ́rà tí mo ti pa ohùn mọ́ lẹ́nu. Òrùka ò fẹ́ wọlé, ìyàwó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ kejì bá ọkọ ẹ̀ tì í.

Fótò ẹbí ò gbà mí lásìkò rárá, òjò dá, kùrukùru ṣì bo oòrùn, ojú gbogbo èèyàn dán láìsí ẹni tó ń dijú. Mo kó gbogbo ẹ̀ sí ibi méjì kí n tó sùn.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lọ mo fi fótò òrùka yẹn han ìyàwó lẹ́yìn kámẹ́rà. Mo ti fẹ́ máa ṣàlàyé ìdí tó fi rí wínníwínní bí iyanrìn. Kò tiẹ̀ gbọ́ mi. Ó fi ìka kan ẹ̀yìn àwòrán náà, níbi tí ọwọ́ arúgbó kan ti di fèrèsé mú. Ó ní, "Bàbá àgbà mi nìyí, wọn ò fẹ́ kí òjò ta sí mi lára." Ìyẹn ló ní kí n tẹ̀ tóbi jù.