Oṣù Méje Nínú Ulé Bàbá Àgbà

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a kọ́kọ́ sùn sí ilé bàbá àgbà ọkọ mi, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìkọ̀gòsì ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, òjò oṣù kẹsàn-án bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, kò sì dá títí àkùkọ fi kọ. Abọ́ àti korobá tí a ní kò tó láti gba omi tí ń jò, nítorí náà ọkọ mi mú èédú, ó ń fa àmì róbótó sí ilẹ̀ níbikíbi tí ẹ̀kán omi bá ti bọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àmì mọ́kànlélógún ni mo kà nínú yàrá mẹ́rin.

Ọdún méjìlélógún ni a ti lò ní Lọ́ńdọ̀nù, èmi nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, òun nídìí iṣẹ́ bíríkìlà. Fún mẹ́ta nínú àwọn ọdún náà ni a fi ń fi owó ránṣẹ́ sílé kí wọ́n lè bá wa pààrọ̀ páànù ilé yìí. Àwòrán tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù wa dùn ún wò, páànù tuntun ń kọ mànà nínú oòrùn, ọkàn wa sì balẹ̀. Ìgbà tí a dé ni a tó rí i pé apá tí ó kọjú sí títì nìkan ni wọ́n pààrọ̀. N kò ní dárúkọ ẹni tí a fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ara wa ni, a sì ti jọ jẹun láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni a ti gbà pé ẹni tí kò bá sùn nínú ilé kò lè mọ ibi tí ń dùn ún, a sì pinnu pé a kò ní gba ilé mìíràn ní Adó-Èkìtì bí àwọn ọ̀rẹ́ wa ṣe gbà wá nímọ̀ràn. Inú ilé náà ni a óò máa gbé bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ.

Owó kòkó ni bàbá àgbà fi kọ́ ọ. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì kọ 1957 sí òkè ilẹ̀kùn iwájú, bí ọ̀pọ̀ ẹni tí kòkó sọ di ọlọ́lá ní ilẹ̀ Èkìtì ti máa ń ṣe nígbà náà. Amọ̀ ni ògiri, ó nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rẹ́ iwájú rẹ̀ kí ó lè jọ ilé búlọ́ọ̀kù. Àwọn àgbà abúlé kì í pè é ní ilé bí àwa ará Ìbàdàn ṣe ń pè é. Ulé ni tiwọn, èmi náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bẹ́ẹ̀ láìmọ̀.

Kí a tó lè kan ìṣó kan mọ́ ọn, ó di dandan kí a pe ẹbí jọ, nítorí ilé náà kì í ṣe ti ọkọ mi nìkan; ti gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ tí bàbá fi sílẹ̀ ní ìdí igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni. A gbé obì àti ọtí kalẹ̀, ọkọ mi sì tẹ́ ìwé tí ó ti ya àwòrán ilé náà sí láti Lọ́ńdọ̀nù. Nínú àwòrán yìí, yàrá kékeré ẹ̀yìn ní apá òsì ni ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Ìyá àgbà kan, tí ó jẹ́ àbíkẹ́yìn bàbá, gba ìwé náà, ó wò ó títí, ó wá béèrè pé: “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé orí bàbá mi ni ẹ fẹ́ máa tọ̀ sí?” Yàrá yẹn gan-an ni wọ́n sin bàbá sí. Kò sí àmì kankan níbẹ̀, nítorí ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n fi pa ilẹ̀ rẹ̀ tí ó fi dán, wọ́n sì ti ń kó àpò kòkó àti agbọ̀n sí i láti ọdún pípẹ́. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ojú sì ti ọkọ mi débi pé kò lè gbé orí sókè. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ di ohun tí a kọ́ sí ìta, lẹ́yìn ilé ìdáná, yàrá bàbá sì wà bí ó ṣe wà.

Ògiri ni ó gba ìrònú wa jù. Àwọn bíríkìlà ọ̀dọ́ mẹ́ta tí a pè láti Adó wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, èsì kan náà ni wọ́n sì fún wa: kí a wó o, kí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn, tàbí kí a fi sìmẹ́ńtì tí ó nípọn rẹ́ ẹ láti òkè dé ilẹ̀. Ọkọ mi kọ̀. Nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀gá rẹ̀ kan, ará Ireland, a máa bú àwọn tí ń fi sìmẹ́ńtì dí àárín bíríkì ilé àtijọ́, nítorí láìmù, ìyẹn ẹfun tí wọ́n ń pò mọ́ yanrìn, ni wọ́n fi kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, omi tí ó bá sì ti wọlé kì í rí ọ̀nà jáde mọ́ nígbà tí sìmẹ́ńtì bá ti dí i, ara bíríkì á wá máa bó. Ohun tí ó ń ṣe ilé bàbá àgbà nìyẹn. Amọ̀ a máa fa omi láti inú ilẹ̀ nígbà òjò, afẹ́fẹ́ a sì máa gbà á lára rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní iwájú, níbi tí wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì bo ògiri, omi náà há sẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi fi òòlù kàn án, ó dún bí igbá òfìfo, ó sì ya lulẹ̀ pẹ̀lú odindi amọ̀ lára rẹ̀. Ní ẹ̀yìn, níbi tí sìmẹ́ńtì kò dé rárá, ògiri ṣì le bí òkúta, àfi ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan tí ó ti jẹ wọnú. Ìdí tí ó fi jẹ wọnú kò yé ẹnikẹ́ni títí di òru ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí mo dìde láti wo ìta, tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i: ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń já lulẹ̀ gẹ́rẹ́ lẹ́bàá ògiri, ó ń ta sókè, ó sì ń fọ amọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Kò sí bíríkìlà tí yóò wá ní òru láti wá rí ìyẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ó kù ní abúlé náà tí ó mọ iṣẹ́ amọ̀ dunjú, bàbá kan tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Kò lè gun nǹkan mọ́, nítorí náà orí àga ni ó ti ń pàṣẹ. Ó ní kí a lọ gbẹ́ ilẹ̀ ògán mọ́ amọ̀ tí a ń lò, tí ó fi jẹ́ pé àwọn ikán tí wọ́n jẹ igi òrùlé wa náà ni wọ́n tún bá wa kọ́ ògiri. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, bàbá á ṣù ú bí òkèlè ńlá, á sì sọ ọ́ sílẹ̀ láti ibi èjìká: bí ó bá fọ́ yángá, yanrìn ti pọ̀ jù, bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, omi ti pọ̀ jù. Ìpele kan la ń mọ, a ó sì fi sílẹ̀ kí ó gbẹ kí a tó mọ òmíràn lé e. Ọyẹ́ ti dé nígbà náà, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ń yára gbẹ amọ̀ débi tí ó fi ń sán, bàbá wá ní kí a máa fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Ọkọ mi tí iṣẹ́ kánkán ti mọ́ lára bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bàbá bi í pé: “Ọmọ mi, ṣé òyìnbó ṣì ń lé ọ ni?”

Ní ti gbígbé inú ilé tí iṣẹ́ ń lọ, n kò ní parọ́ pé ó dùn. Ìgbà mẹ́ta ni a kó láti yàrá kan sí òmíràn, eruku wà nínú ọbẹ̀, kànga ni a ti ń pọn omi, bí sólà kò bá sì rí oòrùn, àtùpà ni. Àwọn ènìyàn á ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa láti kí wa kí a tó bọ́jú. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, orí mi ti funfun, síbẹ̀ ìyàwó ni gbogbo ẹni tí wọ́n ti bí kí n tó wọlé ọkọ ń pè mí, títí kan géńdé káfíńtà tí mo ń sanwó fún.

Káfíńtà yìí mọṣẹ́. Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró ní oṣù kọkànlá, ó ṣí òrùlé, ó sì ń fi òòlù kan igi kọ̀ọ̀kan kí ó lè fi etí mọ èyí tí ikán ti jẹ. Ìrókò ni ó yè. Igi yòókù ti di ìyẹ̀fun nínú. Páànù alumíníọ̀mù tí ó nípọn ní mìlímítà 0.55 ni a rà, a kò ra 0.45 tí wọ́n fẹ́ tà fún wa ní ẹ̀dínwó, a sì na etí òrùlé síta ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ lè jìnnà sí ògiri. Ẹní tí a lọ rà ní Ògòtún, níbi tí híhun ẹní ti jẹ́ iṣẹ́ ìran wọn, ni a fi ṣe àjà.

Ilẹ̀kùn iwájú fa ìjà díẹ̀. Ọkọ mi fẹ́ ti irin nítorí olè. Mo rán an létí ọjọ́ tí a lọ sí British Museum, tí a dúró níwájú ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ní Wembley ní 1924, tí kò sì padà wálé mọ́ nítorí pé wọ́n fi àga ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀ fún ọba. “Ìyá Tóbi, pákó ìrókò lásán nìyí,” ni ó wí. Òótọ́ ni, kò sí iṣẹ́ ọnà kankan lára tiwa. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀ síbẹ̀, a fi irin sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní ìparí oṣù kẹta, òjò àkọ́rọ̀ dé ní òru pẹ̀lú ìjì. A kò sùn. Ọkọ mi mú èédú rẹ̀, èmi mú tọ́ọ̀ṣì, a sì ń lọ láti yàrá dé yàrá, a ń tẹ́tí sí ariwo òjò lórí páànù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ. Àmì kan ṣoṣo ni ó fà, ní igun yàrá bàbá àgbà, níbi tí páànù tuntun ti pàdé èyí tí wọ́n fi owó wa rà nígbà kìíní. Káfíńtà ní òun ń bọ̀ wá dí i bí òun bá ti kọ ebè tán.