Iyọ̀ tí mo gbà lọ́wọ́ Bàámi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Aago 10 alẹ́ ti kọjá, iná ò sí, ẹnu ọ̀nà yàrá Bàámi ni mo jókòó sí tí mo ń fi fóònù tẹ eléyìí kí n lè máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Wọ́n ti sùn. Wọ́n jẹun lónìí, òkèlè àmàlà mẹ́fà, mo kà á, gbẹ̀gìrì náà dẹ̀ níyọ̀ dáadáa, wọ́n tún ní kí n bu ewédú sí i. Ẹni tí ò bá mọ ibi tá a ti ń bọ̀ ò lè mọ ìdí tí òkèlè mẹ́fà fi lè mú èèyàn sunkún ní kíṣìnì.

Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣe Bàámi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iyọ̀ ni ò jẹ́ kí n sùn. Ó ti lé lọ́dún 15 tí Bàámi ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru, nílé wa l'Ókè-Àdó ìka méjì la fi ń mú iyọ̀ sọ́bẹ̀, Màámi ò dẹ̀ gbà fún ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀. Àfi bó ṣe di nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn tí Bàámi bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè iyọ̀. "Àjọkẹ́, ọbẹ̀ yìí tẹ́." "Àjọkẹ́, bá mi bu iyọ̀ sẹ́yin yìí." Mo rò pé àìsàn ló ba ẹnu wọn jẹ́. Lóru ọjọ́ kan mo dìde lọ mumi, mo bá wọn ní kíṣìnì nínú òkùnkùn, wọ́n da iyọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń lá a. Ariwo tí mo pa lóru ọjọ́ yẹn, ìtìjú ẹ̀ ṣì ń mú mi di ìsinsìnyí. Mo gba ike iyọ̀ lọ́wọ́ wọn bí ìgbà téèyàn ń gba abẹ lọ́wọ́ ọmọdé, mo dẹ̀ gbé e pamọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ọwọ́ wọn ò ti ní tó o.

Lọ́rì ni wọ́n wà fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, Ìbàdàn sí Kánò, Kánò sí Ìbàdàn, sìgá ni wọ́n fi ń lé oorun lójú títì. Wọ́n ti fi í sílẹ̀ láti 2009. Dókítà ní téèyàn bá ti jáwọ́ ewu jẹjẹrẹ náà á máa dínkù, kò kàn ní padà dà bíi tẹni tí ò fa á rí ni. Àwọn tó ń wá kí wọn tí wọ́n ń ṣe "ṣebí sìgá ni", inú ń bí mi sí wọn. A mọ̀. Àwọn tí ò fa sìgá rí láyé wọn náà ń ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Kí ni wọ́n wá fẹ́ kí n ṣe sí i, kí n máa bá bàbá mi ṣẹjọ́ lórí ibùsùn ni?

Ikọ́ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ibi tá a kọ́kọ́ gbé wọn lọ ní ikọ́ ife ni, wọn ò yẹ itọ́ wọn wò, wọ́n kàn ń fún wọn lóògùn, a fi oṣù mẹ́rin ṣòfò síbẹ̀, Bàámi ń rù, ikọ́ ò lọ. Mi ò fẹ́ rántí ibẹ̀ lálẹ́ yìí.

Nígbà tá a wá débi tí wọ́n ti ṣe CT scan fún wọn, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ni wọ́n rí i, kókó kan nínú ẹ̀dọ̀fóró apá ọ̀tún, wọ́n dẹ̀ tún rí nǹkan méjì nísàlẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé àyà ni wọ́n ń wò, kí ló gbé wọn dé ìsàlẹ̀. Dókítà ní wọ́n máa ń wò ó débẹ̀ ni, torí pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró mọ̀nà ibẹ̀ dáadáa, bó ṣe mọ̀nà egungun, ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ. Adrenal lorúkọ ẹ̀. Ó ya kíndìnrín méjì sí ẹ̀yìn ìwé kan, ó wá ya nǹkan kékeré lé orí ìkọ̀ọ̀kan, ó dà bí ìgbà tí kíndìnrín dé fìlà. Kékeré báyìí, bí gíráàmù 4 tàbí 5, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe tó lọ, inú ẹ̀jẹ̀ dẹ̀ ni àrùn náà ń gbà rìn.

Màámi ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé jẹjẹrẹ méjì ló wá ń bá ọkọ mi jà báyìí?" Ó ní rárá Mama, ẹyọ kan náà ni. Ti ẹ̀dọ̀fóró náà ló rìn débẹ̀, ibi yòówù kó dé, ti ẹ̀dọ̀fóró náà ni wọ́n á máa pè é, oògùn ti ẹ̀dọ̀fóró náà ni wọ́n á dẹ̀ fi tọ́jú ẹ̀. Ó ní kì í ṣe gbogbo kókó orí adrenal ló ń jẹ́ jẹjẹrẹ o, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní èyí tí ò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Mo di ìyẹn mú, mo béèrè bóyá irú ìyẹn ni ti Bàámi. Mo tún béèrè bóyá wọ́n lè yọ ọ́, ó ní tó bá jẹ́ apá kan ṣoṣo ni, tí kò sí níbòmíì, nígbà míì wọ́n máa ń ṣiṣẹ́ abẹ ẹ̀ tàbí kí wọ́n fi ìtànṣán jó o. Ti Bàámi wà lápá méjèèjì, ó dẹ̀ ti tóbi. Stage 4, ìyẹn ni pé ó ti tàn kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Màámi ò béèrè nǹkan kan mọ́, ó kàn ń ká etí ìborùn ẹ̀.

Gbogbo ìyẹn, kò sẹ́ni tó tíì so ó mọ́ iyọ̀ nínú wa. Àfi ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn tí Bàámi dìde nínú bálùwẹ̀ tí wọ́n ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ ríru tá a ń bá jà látọjọ́ yìí, nígbà tí nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n, 80/50 ló wà, ó ti já wálẹ̀ gan-an. Wọ́n gbẹ̀jẹ̀, iyọ̀ inú ẹ̀ ti lọ sílẹ̀, potassium, èròjà míì nínú ẹ̀jẹ̀, ti lọ sókè, cortisol fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Dókítà ṣí ọwọ́ Bàámi, ó wo ilà àtẹ́lẹwọ́ wọn, ó wo èrìgì wọn. Wọ́n ti dúdú. Màámi ti sọ ọ́ fún mi rí, mo ní àìsàn ló ń mú èèyàn dúdú.

Adrenal yẹn ló ń ṣe omi ara tó ń sọ fún kíndìnrín pé kó má jẹ́ kí iyọ̀ bá ìtọ̀ lọ, òun náà ló ń ṣe cortisol tó ń gbé èèyàn ró nígbà ìnira. Tí jẹjẹrẹ bá ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì, iyọ̀ á máa dà lọ, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já, agbára á tán. Kì í sábà le dé bẹ́ẹ̀, dókítà ní ọ̀pọ̀ ló ń ní in níbẹ̀ tí wọn ò ní mọ nǹkan kan lára. Láti 1855 ni dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Addison, ti kọ nípa irú àárẹ̀ yìí. Èmi tí mo wà nílé kan náà pẹ̀lú bàbá mi, mo pè é ní ọjọ́ ogbó.

Wọ́n fa omi sí wọn lára lọ́jọ́ náà, wọ́n gún wọn ní hydrocortisone, oògùn tó ń rọ́pò cortisol, wọ́n ní ká dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró, ká má ṣẹ́ iyọ̀ kù fún wọn mọ́. (Ti Bàámi ni mò ń sọ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má torí èyí dá oògùn yín dúró fúnra yín.) Ní ọjọ́ kẹta wọ́n jókòó fúnra wọn. Jẹjẹrẹ ṣì wà níbi tó wà, mo mọ̀, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ kímò, oògùn jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n jókòó.

Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n lánàá. Mo ní Bàámi, ẹ forí jì mí lórí ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "O ò ṣáà fẹ́ kí n kú ni." Wọ́n wá ní kí n lọ bá àwọn wá tẹlifíṣọ̀n.

Mo ti fi álààmù sí aago 6 fún tábúlẹ́ẹ̀tì hydrocortisone àárọ̀, kò gbọdọ̀ fò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n bá dẹ̀ ń bì í, ọsibítù la gbọ́dọ̀ gbé wọn lọ fún abẹ́rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń ti Èkó bọ̀ lọ́la. Màámi ti gun àga gbé ike iyọ̀ yẹn sọ̀kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù, kò bá mi sọ nǹkan kan lórí ẹ̀, ó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo Bàámi báyìí, pẹ̀lú ṣíbí nínú ẹ̀.