Àwọ̀ orí àwo tánganran àtijọ́

Bí ẹ bá rí àwo òyìnbó àtijọ́ ní Akẹ̀sán, ẹ fi èékánná ra òdòdó orí rẹ̀. Bó bá ga díẹ̀, orí omi dídán, ìyẹn ìpele bíi gíláàsì tó bo àwo, ni wọ́n kùn ún sí. Bó bá tẹ́jú, abẹ́ rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́.

Ní Meissen, ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ tánganran sílẹ̀ ní 1710, búlúù kóbáltì ló fìyà jẹ wọ́n jù. Kí wọ́n tó bu omi dídán lu àwo ni wọ́n ń kùn ún, iná rẹ̀ sì ń kọjá 1,300 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àwo gbígbẹ ń fa àwọ̀ mu lójú ẹsẹ̀, kò ṣeé pa rẹ́, bí ọ̀bẹ tó yẹ̀ lórí igbá fínfín Ọ̀yọ́ wa. Bó bá ki jù, á ṣàn tàbí kó dúdú.

Ọ̀pọ̀ àwọ̀ yòókù kì í fara da iná yẹn. Orí dídán ni wọ́n ń kùn wọ́n sí, wọn á tún un sun ní nǹkan bí 800. Wúrà ló ń kẹ́yìn. Òun náà ló ń yára ṣí.

Ẹ má fi irin ìfọkòkò tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Òjé, tó jẹ́ májèlé, sábà máa ń wà nínú àwọ̀ orí dídán, ẹ má fi jẹun.