Àyẹ̀wò ọdún: Àjàyí, tíṣà kó tó di bíṣọ́ọ̀bù

Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún ni Samuel Àjàyí Crowther kú ní Èkó, 31 Disẹ́ńbà 1891. Ìdí nìyẹn tí àwa tí à ń kọ́ ọmọdé ní ìwé Yorùbá ní Ọ̀yọ́ níbí fi ń rántí rẹ̀ bí a ti ń yẹ iṣẹ́ ọdún wò. Ọmọ Òṣogùn ni, lápá Ìsẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sọ ju 1864 tó di bíṣọ́ọ̀bù lọ, àmọ́ iṣẹ́ tíṣà tó ṣe ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ló wúlò jù fún wa.

1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí omi ní 1822. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà tó dé Sàró, ó ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun, ni wọ́n bá fi í ṣe mọ́nítọ̀, kó máa kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Pẹ́nì méje ààbọ̀ ni owó oṣù rẹ̀. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay níbẹ̀ ní 1827, lẹ́yìn náà ló ń kọ́ àwọn tí wọ́n gbà lóko ẹrú àtàwọn ọmọ wọn ní abúlé Regent àti Wellington.

Ètò mọ́nítọ̀ yìí la mú lò lọ́dún yìí, ó sì so èso. Ọmọ mẹ́fà sí mọ́nítọ̀ kan. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ariwo á bo ohùn rẹ̀. Ọmọ tó lè ka ọ̀rọ̀ tí kò rí rí ni kí ẹ yàn, ẹ má wo ti ẹni tó ń yára dáhùn. Ẹ kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọ̀la lónìí: ìyàtọ̀ ìró kan ṣoṣo, bíi ti o àti ọ. Kí tíṣà máa rìn káàkiri, kó máa tẹ́tí.

Àkọ́sórí ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Àwọn ọmọ á máa ké a, b, d bí orin, ojú wọn ò sí lára ìwé. Ẹ tọ́ka lẹ́tà láti ẹ̀yìn wá síwájú, àṣírí á tú. Àmì ohùn náà ńkọ́? Kí wọ́n kọ́kọ́ fi imú kùn ún, dò, re, mí, kí wọ́n tó fi pẹ́ńsùlù kan ìwé. Láìsí ìyẹn, igbá, ìgbà àti igba á dàpọ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ Àjàyí, síbẹ̀ ó ń gbọ́ tẹnu àwọn èèyàn rẹ̀, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Ní January 1844 ó fi Yorùbá wàásù ní Freetown. Apá yìí la ò tíì fọwọ́ kàn. Lọ́dún tó ń bọ̀, mọ́nítọ̀ kọ̀ọ̀kan á ní ìwé kékeré kan, ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ́sẹ̀ láti ẹnu àgbà ilé, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé.