Kí Ẹ Tó Buwọ́ Lu Ìwé Ejẹ́ǹsì

Oṣù mọ́kànlá ni mo ti fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba kí n tó mọ ohun tó wà ní ojú ìwé kẹsàn-án àdéhùn mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ni, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn mi, mo wá sọ fún wọn ní ọ́fíìsì ilé ìwòsàn wa pé ilé ìwòsàn mìíràn ti gbà mí sí ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ, pé mo fẹ́ máa lọ. Obìnrin tó jókòó níwájú mi kò bínú, kò sì gbóhùn sókè. Ó yí ìwé kan síwájú mi, ó fi bírò rẹ̀ tọ́ka sí ìlà kan. Ìlà náà ní bí mo bá kúrò kí ọdún mẹ́ta tó pé, màá san £7,500 padà, wọ́n sì lè yọ ọ́ nínú owó oṣù mi ìkẹyìn. Ìbuwọ́lùwé mi ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ìka ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́ lórí fóònù lóru ọjọ́ kan, nígbà tí ejẹ́ǹsì tó bá mi wáṣẹ́ ń pè mí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan pé bí ìwé náà ò bá padà dé ọ̀dọ̀ àwọn kó tó di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹlòmíì ni wọ́n á fún láàyè mi.

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì, tẹ́ ẹ ń wo ọ̀nà òkèèrè, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ. Èmi náà lọ, mi ò sì kábàámọ̀ ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé kò sí ejẹ́ǹsì kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnì kan ń sanwó fún un. Bẹ́ ẹ bá fara balẹ̀ ka ìwé tí wọ́n bá gbé wá, ẹ óò rí ẹni tí owó yẹn máa padà já lé lórí.

Ejẹ́ǹsì tí mo kọ́kọ́ bá pàdé, èmi ni mo sanwó fún un. Wọ́n gba owó fọ́ọ̀mù, wọ́n gba owó fáìlì, wọ́n tún gba owó kan tí wọ́n ní yóò jẹ́ kí orúkọ mi wà lókè lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbani síṣẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ tó owó oṣù mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ tí mò ń ṣe nígbà náà, ara rẹ̀ sì jẹ́ owó tí mo yá. Nígbàkígbà tí mo bá béèrè ibi tí nǹkan dé, èsì kan náà ni mo máa ń gbà lórí WhatsApp: “Sista, ẹ ní sùúrù, a ti wà lórí ẹ̀.”

Oṣù kẹfà ni mo tó mọ ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n fi ímeèlì tiwọn ṣí àkáǹtì fún mi lọ́dọ̀ NMC, ìyẹn àjọ tó ń forúkọ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí sílẹ̀ ní Ìlú Ọba. NMC ti kọ̀wé pé orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí mi àti èyí tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù mi ò bára mu, pé kí n ṣàlàyé. Lẹ́tà náà wà nínú àpótí ímeèlì tí mi ò lè ṣí, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ní gbogbo àkókò yẹn, èsì IELTS mi, ìyẹn ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ń gbó lọ. NMC ń fẹ́ 7 nínú kíkà, gbígbọ́ àti sísọ, pẹ̀lú 6.5 nínú kíkọ. Mo ti gbà á, ṣùgbọ́n ọdún méjì péré ni èsì náà ń lò. Nígbà tí mo ní kí wọ́n fún mi ní páásíwọọ̀dù àkáǹtì mi, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ san ìyókù owó.

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí mo sunkún tán, mo kọ ímeèlì sí NMC fúnra mi, mo fi nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù àti ọjọ́ ìbí mi ránṣẹ́, mo ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì bá mi yí àkáǹtì náà padà sí ímeèlì tèmi. Gbogbo ohun tí mo san owó oṣù mẹ́rin fún, mo fi alẹ́ ọjọ́ méjì ṣe é fúnra mi lórí fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, ímeèlì tiyín àti nọ́ńbà fóònù tiyín ni kẹ́ ẹ fi ṣí gbogbo àkáǹtì: ti NMC, ti Pearson VUE níbi tí wọ́n ti ń ṣe CBT (ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí NMC ń fẹ́) àti NCLEX (ìdánwò láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì ti Amẹ́ríkà), ti IELTS tàbí OET tí òun náà jẹ́ ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Bí ejẹ́ǹsì bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, kó jókòó tì yín kó máa sọ ohun tẹ́ ẹ máa tẹ̀.

Owó wà tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa san ní tòótọ́. Nígbà tí mo ṣe tèmi, £83 ni CBT, £140 ni NMC gbà láti yẹ ìwé mi wò, £794 ni OSCE (ìdánwò tí wọ́n ti ń wo bí èèyàn ṣe ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì), £153 sì ni owó tí wọ́n fi kọ orúkọ mi sínú ìwé wọn. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ló máa ń san lára wọn tàbí kí wọ́n dá a padà fún yín. Ọ̀dọ̀ àjọ tó ni ín ni kẹ́ ẹ ti sanwó tààrà, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì. Ṣùgbọ́n owó kí wọ́n bá yín wáṣẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Láti ọdún 1973 ni òfin Ìlú Ọba ti ka á léèwọ̀ fún ejẹ́ǹsì láti gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́ kí ó tó bá a wá a. Àdéhùn 181 tí àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ILO, ṣe ní ọdún 1997 náà sọ bẹ́ẹ̀: wọn ò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ì báà jẹ́ tààrà tàbí lọ́nà ẹ̀bùrú. Mo fẹ́ kí ẹnì kan ti sọ èyí fún mi kí n tó lọ yáwó.

Torí ohun tí ojú mi rí yẹn, nígbà tí ejẹ́ǹsì kejì ní àwọn ò ní gba kọ́bọ̀, mo rò pé mo ti bọ́. Ilé ìwòsàn ló ń sanwó fún wọn, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ohun tí mi ò bi wọ́n ni bí ilé ìwòsàn yóò ṣe rí owó rẹ̀ gbà padà bí mo bá kúrò. Ìdáhùn rẹ̀ ló wà ní ojú ìwé kẹsàn-án.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí yìí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú nọ́ọ̀sì tuntun jù. Ilé ìwòsàn lè ní kẹ́ ẹ san lára ohun tí àwọn ná lé yín lórí padà bẹ́ ẹ bá tètè kúrò. Ìjọba Ìlú Ọba ní ìlànà tó sọ pé ọ̀rọ̀ owó yìí gbọ́dọ̀ hàn kedere sí òṣìṣẹ́, kó má sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tèmi ò hàn, ó sì pọ̀. Bí mo bá kúrò lóṣù kìíní, £7,500. Bí mo bá kúrò lóṣù karùndínlógójì, £7,500 náà ni. Ó tún sọ pé bí mo bá kùnà OSCE tí wọ́n sì dá mi dúró, gbèsè náà ṣì wà lọ́rùn mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré sì ni èèyàn lè jókòó ṣe OSCE lórí ìwé ìforúkọsílẹ̀ kan.

Àǹtí kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ló gbà mí nímọ̀ràn. Ó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó ní, “Ọmọ mi, má sanwó, má sì bá wọn jà. Ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ohun tí £7,500 yẹn jẹ́.” Mo lọ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí mo wà nínú rẹ̀, wọ́n bá mi kọ lẹ́tà náà. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìwé kan dé: tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, físà, OSCE, ilé tí mo gbé fún oṣù mẹ́ta, owó tí wọ́n san fún ejẹ́ǹsì, àti owó kan tí wọ́n ń pè ní Immigration Skills Charge. Owó ìkẹyìn yẹn, ìjọba ló ń gbà á lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ tó bá mú òṣìṣẹ́ wá láti òkèèrè, wọn ò sì gbọdọ̀ yí i lé òṣìṣẹ́ lórí. Ẹgbẹ́ wa tọ́ka sí i, wọ́n tọ́ka sí owó ejẹ́ǹsì náà. Ilé ìwòsàn yọ méjèèjì kúrò. Wọ́n pín ìyókù sí oṣù mẹ́rìndínlógójì, wọ́n yọ oṣù tí mo ti ṣe, mo sì san èyí tó kù díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́wàá. Ká ní mo ti béèrè ìwé yẹn kí n tó buwọ́ lùwé, ǹ bá ti mọ̀ láti ilé.

Ẹ má sì rò pé èèyàn kàn lè di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ. Orúkọ agbanisíṣẹ́ ló wà lára físà náà. Ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé onígbọ̀wọ́ lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ tuntun, kẹ́ ẹ tún tọrọ físà, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀.

Fún àwọn tó ń lọ Amẹ́ríkà, orúkọ ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ ni, ohun kan náà ni. Ọ̀rẹ́ mi kan rò pé ọdún mẹ́ta ni òun buwọ́ lù. Wákàtí ni wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀, wọn kì í sì í ka wákàtí àfikún mọ́ ọn, torí náà gbogbo oṣù tí wọn ò bá fún un níṣẹ́ tó pọ̀, ṣe ni àdéhùn rẹ̀ ń gùn sí i. Ní ọdún 2019, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní New York dájọ́ pé ìtanràn $25,000 tí wọ́n kọ sínú àdéhùn àwọn nọ́ọ̀sì kan láti Philippines lòdì sí òfin tó dènà fífi ènìyàn ṣòwò ẹrú. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹnikẹ́ni bá ń fi ìtanràn dẹ́rù bà yín. Fún Jámánì, ìjọba ibẹ̀ ní àmì ẹ̀rí fún ejẹ́ǹsì tó ń kó nọ́ọ̀sì wá lọ́nà ẹ̀tọ́, Faire Anwerbung Pflege Deutschland ni orúkọ rẹ̀, ẹni tó bá ní in kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ béèrè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìrírí tún wà. Ọ̀pọ̀ ibi ló ń fẹ́ kí nọ́ọ̀sì ti ṣiṣẹ́ fún bí ọdún kan kó tó wá, ibẹ̀ sì ni ejẹ́ǹsì àkọ́kọ́ ti sọ fún mi pé àwọn lè “ṣètò” lẹ́tà fún mi láti ilé ìwòsàn tí mi ò dé rí. Ọpẹ́ ni pé ẹ̀rù bà mí. Bí Ìlú Ọba bá rí i pé èèyàn parọ́ nínú ìwé físà, wọ́n lè tì í mọ́ta fún ọdún mẹ́wàá. Ní ọdún 2023, NMC kéde pé èsì CBT láti ibùdó ìdánwò kan ń kọ àwọn lóminú, wọ́n sì ní kí àwọn tó ṣe é níbẹ̀ tún un ṣe, títí kan àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ṣe ọdún kan yẹn nílé. Ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ dáadáa nínú ọdún yẹn, òun náà ló sì ràn mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ OSCE.

Ibi tẹ́ ẹ ti lè wádìí wà. NHS Employers, ẹgbẹ́ àwọn agbanisíṣẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba Ìlú Ọba, ní orúkọ àwọn ejẹ́ǹsì tó ń tẹ̀ lé ìlànà ìjọba. Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, ní orúkọ àwọn agbanisíṣẹ́ tó lè ṣe onígbọ̀wọ́. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí orílẹ̀-èdè yín bá wà nínú 55 tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, tò sílẹ̀ ní ọdún 2023 pé nọ́ọ̀sì àti dókítà ò tó wọn, ìlànà Ìlú Ọba ò gbà kí ejẹ́ǹsì wá yín wá. Ejẹ́ǹsì tó bá ṣì ń lé yín kiri ti ń tẹ ìlànà yẹn lójú. Ẹ̀yin fúnra yín lè kọ̀wé tààrà sí ilé ìwòsàn lórí NHS Jobs, ìkànnì tí wọ́n ti ń polówó iṣẹ́ wọn; ìyẹn ò lòdì sí nǹkan kan.

Páásípọ́ọ̀tù yín, ẹ má jẹ́ kó sùn sọ́wọ́ ejẹ́ǹsì. Ẹ̀dà ni kẹ́ ẹ fún wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan fi àdéhùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ó gba láísẹ́ǹsì lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn, wọ́n sì ti fún un ní ọjọ́ méjì láti buwọ́ lù ú. Ojú ìwé kẹfà ni tirẹ̀ wà: £6,000, ọdún mẹ́ta, kò dínkù. Mo ní kó kọ ìbéèrè mẹ́ta ránṣẹ́ ní ímeèlì, kì í ṣe lórí fóònù: kí ni £6,000 náà jẹ́, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan? Eélòó ló máa ń dínkù lóṣù? Ta ló máa san án bí wọ́n bá dá mi dúró? Ejẹ́ǹsì náà pè é lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ yẹn. Kò gbé e. Ó fèsì pé kí wọ́n jọ̀ọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ méjì wọn ti kọjá báyìí, wọn ò tíì fún ẹlòmíì láàyè rẹ̀, ó sì ń retí ìdáhùn.