Ọjọ́ tí fíìmù ẹ̀gbọ́n dé

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo rẹ́rìn-ín tó báyìí, mo ní kí n tètè kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó sùn torí tó bá fi máa di ọ̀la màá ti gbàgbé bí ojú ẹ̀gbọ́n mi ṣe rí.

Ẹ̀gbọ́n tí mò ń sọ yìí, àwọn ló kọ́ mi ní fọ́tò yíyà. Wọ́n ní kámẹ́rà Leica M3 dúdú kan tí wọ́n máa ń gbé bí ẹni gbé ọmọ jòjòló. Inú aṣọ ló ń gbé, aṣọ á wà nínú àpò awọ, àpò awọ á wà nínú báàgì, báàgì ọ̀hún náà àyà ni wọ́n máa ń gbé e kọ́, wọn kì í gbé e sẹ́yìn láéláé. Kí wọ́n tó mú un jáde wọ́n á kọ́kọ́ nu ọwọ́ méjèèjì sára ṣòkòtò, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sójú lẹ́ńsì fìì fìì, wọ́n á wá mú aṣọ kékeré kan tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wọ́n á fi nu ún láti àárín bọ̀ wá sí etí, yípo yípo, wọn ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá nu ún tán wọ́n á gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n á tún rí eruku kan tó jẹ́ pé àwọn nìkan ló rí i, ó di àtúnnù.

M3 yìí, ọdún 1954 ni wọ́n gbé e jáde, kò lo bátìrì rárá, kò sì sí ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú ẹ̀, ojú ẹni ni èèyàn fi ń wọ̀n ọ́n. Tẹ́ ẹ bá yọjú wo fèrèsé ẹ̀, ẹ máa rí àwòrán méjì tó gun ara wọn láàárín, ẹ ó máa yí lẹ́ńsì títí méjèèjì á fi di ọ̀kan, ìgbà yẹn ni àwòrán á mú kedere. Mo fẹ́ràn nǹkan yẹn gan-an ni. Ṣùgbọ́n fèrèsé yẹn kì í ti inú lẹ́ńsì wo nǹkan o, òkè lẹ́ńsì ló wà tó ń wo tiẹ̀ lọ́tọ̀, torí náà bí ìdérí bá bo lẹ́ńsì pátápátá, gbogbo nǹkan á ṣì hàn rekete sí ẹni tó ń yà á. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Àwa méje la jọ lọ sétí omi ní ìdájí Sátidé tó kọjá láti ya bí oòrùn ṣe ń yọ. Ẹnì kan ló ṣèèṣì bi ẹ̀gbọ́n pé kí ni wọ́n ń fi lẹ́ńsì 50mm mẹ́rin tó jẹ́ ìwọ̀n kan náà ṣe, háà, wọ́n tẹ́ aṣọ sílẹ̀, wọ́n tò wọ́n sórí ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní eléyìí máa ń jẹ́ kí ẹ̀yìn àwòrán rọ̀ bí òwú, tọ̀hún mú bí abẹ, èmi wò ó títí, mo fẹ́ rí ìyàtọ̀ yẹn tọkàntọkàn. Ẹlòmíì ní Henri Cartier-Bresson, ayafọ́tò ọmọ Faransé yẹn, lẹ́ńsì 50mm ló fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ẹ̀, ó sì fi téèpù dúdú bo ibi tó ń dán lára Leica ẹ̀. Ẹlòmíì tún ní ṣé a gbọ́ pé ní 2022 wọ́n ta èyí tí Oskar Barnack tó ṣe Leica àkọ́kọ́ ń lò fúnra ẹ̀ ní gbàǹjo, tó lé ní mílíọ̀nù 14 yúrò. Ẹ̀gbọ́n ò tíì ki fíìmù sí M3 nígbà yẹn, ló bá ń ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́, kálukú ń gbé e sétí, ó ń tẹ̀ ẹ́ kó lè gbọ́ bó ṣe ń dún jẹ́jẹ́. Ká tó gbójú sókè oòrùn ti yọ tán. Àbúrò obìnrin kan tó mú fóònù nìkan wá ló rí i yà.

Igun kámẹ́rà yẹn ti bó, idẹ ti ń yọ lábẹ́ ọ̀dà, ó sì rẹwà jù bó ṣe máa wà ní tuntun lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ló lò ó tó bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Leica alára ṣe irú ẹ̀ tà ní 2015 pẹ̀lú Lenny Kravitz tó jẹ́ olórin, 125 péré, ọwọ́ ni wọ́n fi ha ọ̀dà ẹ̀ kó lè dà bí èyí tó ti pẹ́ lóde. Ẹni tó bá wù kó rà á, ṣùgbọ́n ní tèmi, ó wù mí kí ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ ara wọn bó ọ̀dà tiwọn.

Wọ́n ki fíìmù sí i nígbà tó yá ṣá, wọ́n ya gbogbo ẹ̀ tán. Láàárín ẹ̀ wọ́n ní kí n gbà á wò, wọ́n ṣí ìdérí kí n lè rí àwọ̀ àlùkò tó wà lójú gíláàsì, mo gbé e sójú, mo yí i títí ojú wọn méjì méjì fi di ọ̀kan, mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n já a gbà, wọ́n dé e padà.

Òní ni fíìmù dé. Ẹ̀gbọ́n nà án síbi ìmọ́lẹ̀, ó mọ́ gaara bí omi láti ìbẹ̀rẹ̀, bí èyí tí wọn ò tíì yà. Wọ́n ní àwọn tó fọ̀ ọ́ ló bà á jẹ́, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ wo nọ́ńbà etí fíìmù, gbogbo ẹ̀ ló jáde, wọ́n fọ̀ ọ́ dáadáa. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wo ìdérí tó wà lójú lẹ́ńsì lórí tábìlì. Nínú àwòrán 36, ọ̀kan ṣoṣo ló ní nǹkan nínú, tèmi. Ẹ̀gbọ́n ni, ojú wọn ràn kalẹ̀, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ kámẹ́rà kí n má baà jù ú sílẹ̀.

Mo ti ń rẹ́rìn-ín títí omi ń bọ́ lójú mi. Wọ́n mú gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

“Àbúrò, wá wo bí lẹ́ńsì yìí ṣe gbé iṣan ọwọ́ mi jáde!”

Wọ́n nu gíláàsì yẹn, wọ́n tún wò ó.