Kí ẹ tó gbà kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì alùpùpù àlòkù yín

Alùpùpù tí mò ń gùn ní Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ báyìí dàgbà ju àkọ́bí mi lọ. CG125 ti Honda ni. Ẹni tó tà á fún mi ti pa á tì sẹ́yìnkùlé títí adìẹ fi ń yé sábẹ́ rẹ̀, owó ọwọ́ mi nígbà náà kò sì tó ra tuntun. Mo tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, òun ló ń bá mi gbé àgbàdo bọ̀ láti oko dòní. Ọ̀rọ̀ kan ni mo ní fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́: ẹ má ná sẹ́fà kan lórí ohun tí ẹ kò tíì yẹ̀ wò.

Láti orí rírà ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré kò gbọdọ̀ wá alùpùpù tó rẹwà. Èyí tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kún ọjà ni kó wá. Ọdún 1976 ni Honda bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe CG125, irú ibi tí ọ̀nà kò dára tí ìtọ́jú kò sì tó ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Nígbà tó yá, àwọn ará Ṣáínà ṣe ẹ̀dà ẹ́ńjìnnì náà lọ́pọ̀ yanturu. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́jà Dantokpa ní Kútọnú, kí ẹ sì rí i ní Nnewi lọ́hùn-ún ní Nàìjíríà. Bí wọ́n bá fi alùpùpù ńlá kan láti Yúróòpù lọ̀ yín ní ọ̀pọ̀, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ń ta ẹ̀yà rẹ̀ nílùú yìí. Bí gbogbo ẹnu bá wọ̀, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ẹ wo ìwé rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹnubodè kò jìnnà sí wa, ohun tí wọ́n jí lápá ibí lè ti dé Ìmẹ̀kọ kí olóhun tó jí. Nọ́ńbà wà tí wọ́n lù sára irin ọrùn férémù, nísàlẹ̀ ọwọ́ ìtukọ̀. Ẹ fi wé ti káàtì-gríìsì, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ alùpùpù, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ojú ibẹ̀ bá jọ ibi tí wọ́n ti fi fáìlì ha, ẹ má tilẹ̀ nájà rẹ̀ mọ́.

Ó wá ku ẹ́ńjìnnì, níbi tí owó ti ń run jù. Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé tèmi lọ bá kò bèèrè nǹkan kan. Ó gbá a, kò jí. Ó tún gbá a, ó mi orí. Ó ní, "Fòfó (ẹ̀gbọ́n), písítìnnì ti lọ. Ẹ lọ ra písítìnnì àti ríìngì wá, ká sì gbé bọ́ọ̀ rẹ̀ lọ fá." Bọ́ọ̀ ni ihò irin tí písítìnnì ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, ríìngì sì ni òrùka tó yí písítìnnì ká. Owó tó dárúkọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí mo fi ra alùpùpù náà. N kò bá a jiyàn. Mo ní, "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ púlọ́ọ̀gì ná."

Ohun tí a ṣe rèé, ẹnikẹ́ni ló sì lè ṣe é. Bí púlọ́ọ̀gì bá ti jáde, ẹ fi àtàǹpàkò dí ihò rẹ̀ pinpin, kí ẹlòmíràn máa gbá ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀. Ó yẹ kí afẹ́fẹ́ ta ìka yín dànù. Bó bá kàn ń fẹ́ yẹ́ẹ́ lábẹ́ ìka, afẹ́fẹ́ ti ń rí ibòmíràn gbà jáde. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sáré dá písítìnnì lẹ́bi. Ẹ ṣe sùúrù. Ẹ da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó kún ṣíbí tíì kan sínú ihò púlọ́ọ̀gì, ẹ gbá a díẹ̀ kí ọ́ìlì náà lè yí písítìnnì ká, kí ẹ wá tún fi ìka dí i. Bí agbára bá padà, a jẹ́ pé ọ́ìlì ti dí àlàfo tí ríìngì kò lè dí mọ́. Mẹkáníìkì jàre nìyẹn, ẹ lọ wá owó. Bí kò bá yí padà, ọ̀dọ̀ fáàfù, àwọn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé tó sì ń tú èéfín jáde, ni kí ẹ yíjú sí, tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì.

Tèmi kò yí padà. A ṣí ìdérí tó wà lórí ẹ́ńjìnnì, a yí i títí písítìnnì fi dé òkè pátápátá tí fáàfù méjèèjì sì yẹ kó wà ní pípadé. Àlàfo gbọ́dọ̀ wà láàárín sukúrù tó ń tẹ fáàfù àti orí fáàfù: 0.08 mm ni ti CG125, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Lára tèmi, kò sí nǹkan kan. Ó ti pẹ́ tí fáàfù ti ń jẹ ìjókòó rẹ̀ wọlé, kò sì sí ẹni tó tún sukúrù náà yí, ó wá di pé fáàfù kò lè padé tán. Ẹni tí kò bá ní irin ìwọ̀n lè wá bíléèdì ìfárí olójú méjì, èyí tó nípọn tó bíi 0.1 mm. Bó bá wọlé wẹ́rẹ́, àlàfo yẹn ti pọ̀ jù. A tú nọ́ọ̀tì, a dá àlàfo rẹ̀ padà, a tún un dè. A kò ra ohunkóhun. Nígbà tí mo tún fi ìka dí ihò, ó ta á dànù.

N kò sọ pé ọ̀daràn ni mẹkáníìkì o. Ẹni tó ń ti ara títú ẹ́ńjìnnì jẹun, ibẹ̀ lojú rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa sanwó lẹ gbọ́dọ̀ ní kó yẹ̀ ẹ́ wò. Èéfín náà máa ń sọ̀rọ̀: èyí tó bá dúdú, ẹ̀sáńsì ló ń pọ̀ jù, èyí tó bá ní àwọ̀ búlúù tí kò dáwọ́ dúró bí ẹ ti ń fún un níná, ọ́ìlì ló ń jó. Àwọn Yamaha V80 àtijọ́ ni ẹ kò gbọdọ̀ fi èyí dá lẹ́jọ́, nítorí ọ́ìlì àti ẹ̀sáńsì ni wọ́n jọ ń jó tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀.

Kabúrétọ̀ kò gba owó, sùúrù ló gbà. Páyò, ẹ̀sáńsì fàyàwọ́ láti Nàìjíríà tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, kì í mọ́ délẹ̀: omi wà níbẹ̀, ìdọ̀tí àgbá wà níbẹ̀. Ẹ tú abọ́ ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀, kí ẹ yọ àwọn ihò kéékèèké tó ń wọn ẹ̀sáńsì, kí ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kó fi afẹ́fẹ́ fẹ́ wọn. Ẹ má fi wáyà líle gún wọn, torí bí ihò náà bá fẹ̀ sí i, ẹ ti sọ alùpùpù yín di ọ̀mùtí. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023 tí páyò sì ti gbówó lórí, kò sẹ́ni tó lè bọ́ irú ọ̀mùtí bẹ́ẹ̀. Fóòmù tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ ńkọ́? Erùpẹ̀ pupa Kétu máa ń dí i lásìkò ọyẹ́. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a kó gbẹ, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i, kí ẹ fọwọ́ fún un.

Owó tí mo yọ lẹ́nu mẹkáníìkì yẹn, orí bíréèkì, táyà àti ṣéènì ni mo ná an sí. Nọ́ńbà mẹ́rin kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 3118 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 31 nínú ọdún 2018. Táyà tòkunbọ̀ lè dúdú kó máa dán, síbẹ̀ kó ti gbó. Ẹ ka nọ́ńbà náà kí ẹ tó nájà. Ṣéènì àti eyín irin rẹ̀ méjèèjì, ìgbà kan náà ni kí ẹ pààrọ̀ wọn, torí eyín tó ti jẹ á tètè ba ṣéènì tuntun jẹ́. Ẹ sì di bíréèkì iwájú mú, kí ẹ máa ti alùpùpù síwájú sẹ́yìn. Bí ẹ bá gbọ́ "kọ́" nídìí ọwọ́ ìtukọ̀, bíárìn ọrùn ti jẹ nìyẹn, ẹ má gbé e jáde sọ́nà Pọ́bẹ̀ láìtún un ṣe.

Ọ̀dà ńkọ́? N kò kùn ún. Ìjókòó rẹ̀ ṣì ya títí di bí mo ti ń kọ èyí, ọ̀rá ni mo fi ń bò ó nígbà òjò. Ìyàwó mi ní ojú ń ti òun láti gùn ún lọ sí òde ìgbéyàwó, mo ní kó wọ sẹ́mí, ọ̀kadà akérò, lọ.

Ọ́ìlì ni mi ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. CG125 kò ní fílítà tí ẹ lè pààrọ̀. Irin tó ń yí àti asẹ́ kékeré nìkan ló ń mú ìdọ̀tí, nítorí náà ọ́ìlì tuntun lóòrèkóòrè ni ẹ̀mí rẹ̀. Kò gbà ju nǹkan bíi lítà kan lọ. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ JASO MA, àmì ọ́ìlì alùpùpù, sí lára, torí kílọ́ọ̀sì tó ń so agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà wà nínú ọ́ìlì kan náà, àwọn ọ́ìlì ọkọ̀ kan sì máa ń jẹ́ kó yọ̀. Èyí tí ẹ bá tú jáde, ẹ má dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ gbé e fún káfíńtà tó ń kanlé, wọ́n máa ń fi kun igi kí ikán má bàa jẹ ẹ́.